Kànga Mọ́kànlá Lójú-ewé Màmá

Johannesburg
Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú wàhálà àwọn aláìsàn. Mo rí ojú-ewé tí ẹ ṣe sórí ayélujára. Mo ṣí i níbi iṣẹ́, mo sì pe ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó wá wò ó: màmá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé létí adágún, ló fi ìka kan ṣoṣo tẹ gbogbo èyí lórí fóònù. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bínú.

Apá méjì ni ojú-ewé ní. Apá kìíní ni ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́: èyí jẹ́ àkọlé, èyí jẹ́ ìpínrọ̀, èyí jẹ́ àkójọ orúkọ. Apá kejì ni bí ó ṣe rí lójú: ó tóbi, ó pupa, ó wà láàárín. Fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n wà. Ẹ̀yin po méjèèjì pọ̀. Níbi tí ẹ kọ "Àwọn kànga wa" sí, ńṣe ni ẹ kàn mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹ kò sọ fún ẹ̀rọ pé àkọlé ni. Ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé àkọlé ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀.

Èkejì ni orúkọ àwọn kànga. Ẹ to mọ́kànlá sójú kan, ẹ fi pupa kun àwọn tí omi wọn kò dára, ẹ fi àwọ̀ ewé kun àwọn tó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọ̀. Àwọn fóònù kan máa ń yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ dànù kí ojú-ewé lè tètè ṣí. Ọ̀nà tí àwa oníṣẹ́ yìí fi ń yẹ iṣẹ́ wa wò nìyí: ẹ yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò, kí ẹ ka ohun tó kù. Ṣé òótọ́ ṣì ni? Bí kò bá jẹ́ òótọ́ mọ́, ojú-ewé náà kò tíì parí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín ránṣẹ́ sí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni màá fi tún un ṣe.

Ẹ bá mi kí Bàbá Zakeyo. Ṣé fóònù tó ń kàwé sókè tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ yín,
Lusungu


Orí òkè ṣọ́ọ̀ṣì
Ọjọ́ 2, oṣù Kejì

Lusungu ọmọ mi,

A wà. Òjò kò dá. Ìpè fóònù kì í dúró níbí mọ́. Òkè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gùn kí lẹ́tà yìí tó lè lọ, orúnkún mi sì mọ̀ pé mo gùn ún, nítorí náà kà á dáadáa.

O ní o ò lè jẹun nítorí ayọ̀. O wá fi ojú-ewé mi ṣe ẹran, o jẹ ẹ́ dé egungun.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn ènìyàn sọ? Olóyè gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó ní, "NyaMhango, ìwọ gan-an lo ṣe èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́?" Mo ní kò sí. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja usipa létí omi sọ pé ó dára ju ti ìjọba lọ. Ìwọ nìkan, tó jẹ́ pé ọmú mi lo mu, lo rí àbùkù.

Ní ti pupa, ìgbà wo lo gbàgbé ilé? Bí kànga kan bá bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa ń ya aṣọ chitenje pupa, tí mo máa ń so ó mọ́ ọwọ́ pọ́ǹpù. A kì í kọ nǹkan kan sí i. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ̀ pé kí òun yí garawa padà. Ohun tí mò ń ṣe lára pọ́ǹpù láti ogún ọdún ni mo ṣe lórí fóònù. Ọ̀ṣọ́ kọ́. Iṣẹ́ mi ni.

Mi ò ní fún ọ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ìwọ yóò wọlé, wàá tún un ṣe, n ò sì ní mọ ibi tí o fọwọ́ kàn. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ni, àbí o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?

Bàbá Zakeyo ẹ̀gbọ́n mi wà. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ tán, fóònù rẹ ti di ìyàwó fún un. Ó mú kí ohùn náà máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan kan nínú èyí?" Ó ní, "Ìwọ lo lọ́ra." Òun nìkan ló ń dá gbé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn omi fún òun. Ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà.

Ìyá rẹ tí kò mọ ojú-ewé ṣe


Johannesburg
Ọjọ́ 4, oṣù Kejì

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ni ojú-ewé náà, n ò ní bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé lọ́nà mìíràn.

Nígbà míì tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Zakeyo, ẹ ní kí wọ́n fi fóònù wọn ka ojú-ewé yín. Ẹ di ojú yín. Ẹ gbọ́ ọ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún mi, láti inú ohun tí ẹ gbọ́ nìkan, àwọn kànga tí ẹ kun ní pupa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Kò sí ìkánjú.

Lusungu


Orí òkè ṣọ́ọ̀ṣì
Ọjọ́ 10, oṣù Kejì

Lusungu,

Dúpẹ́ pé ìyá rẹ ṣì ń kọ̀wé. Ìjì dé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Odò kún, ó gba inú ilé ìyàgbẹ́ gbogbo kọjá, ó sì kó ohun tó bá níbẹ̀ lọ sí ibi tí kò yẹ kó lọ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti sá lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní ilé òun wà lókè, omi kò dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n yẹ omi kànga mọ́kọ̀ọ̀kànlá wò. Mẹ́rin bàjẹ́: Ìdí Oṣè, Ọjà Ẹja, Etí Odò àti Ilé Aláwọ̀n. Onígbáméjì wà nínú wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti so pupa mọ́ pọ́ǹpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ti kun wọ́n ní pupa lójú-ewé. Ènìyàn mẹ́fà ti wà lábẹ́ àgọ́ ìtọ́jú ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ọwọ́ kan kú lọ́jọ́ Ẹtì. N ò fẹ́ kọ nípa rẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo rìn lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ mi ti wú, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Kí n tó jókòó, ó ti bu omi sínú ife bí a ti ń ṣe fún àlejò. Mo mú un dání, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ojú-ewé tuntun?" Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì. Omi inú ojú-ewé rẹ ni. Mu." Orí mi wú, Lusungu. Mo mu ife náà tán, mo tún bèèrè òmíràn. Omi náà tutù. Wò ó, ẹni tí kò ríran ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi gbé ara rẹ̀ la àjàkálẹ̀ àrùn kọjá. Kí lo fẹ́ kí n tún yí padà níbẹ̀?

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí mo ṣe ń kọ èyí. Màá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ tí mo bá ráyè.

Màmá rẹ


Johannesburg
Ọjọ́ 10, oṣù Kejì

Màmá,

Ẹ má ka ohun mìíràn kí ẹ tó ka èyí. Ẹ má mu omi ilé Bàbá Zakeyo mọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn náà mu ún.

Mo ti tan ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè, mo sì ní kó ka ojú-ewé yín. Ohun tó sọ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Àwọn kànga wa. Ìdí Oṣè. Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjà Ẹja. Ilé-ẹ̀kọ́. Etí Odò." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkọkànlá. Ohùn náà kò yí padà níbì kankan. Kò sọ pé pupa. Kò mọ pupa. Ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ má mu". Ẹ kùn ún ni.

Ìdí Oṣè ni Bàbá Zakeyo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yìn ilé wọn ni Ìdí Oṣè wà. Wọn kò lè rí aṣọ tí ẹ so mọ́ pọ́ǹpù. Àwọn aládùúgbò tí ìbá kìlọ̀ fún wọn ti wà ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Màmá, níbo lẹ rò pé wọ́n ti pọn omi tí ẹ mu?

Bí inú yín bá ṣí, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ lọ sí àgọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ní aláìsàn láti tọ́jú. Ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà báyìí, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín. Ojú-ewé náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń kà á fún ẹni tó bá ṣí i.

Lusungu


Johannesburg
Ọjọ́ 12, oṣù Kejì

Màmá,

N ò tíì gbọ́ yín. Mo pe iléeṣẹ́ fóònù, wọ́n ní òpó nẹ́tíwọ́kì wó lórí òkè lálẹ́ ọjọ́ Ajé, àwọn kò mọ ìgbà tí wọn yóò gbé e dìde. N ò mọ̀ bóyá lẹ́tà mi dé kí ó tó wó.

Mò ń ṣí ojú-ewé yín ní gbogbo wákàtí. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Mò ń wò ó bóyá ẹ óò yí lẹ́tà kan péré padà, kí n lè mọ̀ pé ọwọ́ yín ṣì ń tẹ fóònù.

Lusungu


Ibùdókọ̀, Johannesburg
Ọjọ́ 13, oṣù Kejì

Màmá mi,

Bírò ni mo fi kọ èyí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Mzuzu, níhà ọ̀dọ̀ yín, ló gbà á. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Àǹtí, lẹ́tà nìkan? Kò sí fìríìjì? Kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì?" Mo ní lẹ́tà nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì fún òun ní ẹrù tó fúyẹ́ báyìí. Nígbà tó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ó ní òun yóò fi fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja ní Mzuzu.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ síhìn-ín, bóyá èyí tó kọ́kọ́ lọ kò dé. Ohùn fóònù ka kànga mọ́kọ̀ọ̀kànlá bákan náà: Ìdí Oṣè, Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Ọjà Ẹja, Ilé-ẹ̀kọ́, Etí Odò, títí dé òpin. Kò sọ èyí tó bàjẹ́. Bàbá Zakeyo gbọ́ Ìdí Oṣè, wọ́n sì ń mu ún. Ẹ̀yin náà mu ún lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni tó bá ka lẹ́tà yìí, jọ̀wọ́, wá màmá mi, NyaMhango, òṣìṣẹ́ ìlera. Bá mi sọ fún un.

Lusungu


Pápá ilé-ẹ̀kọ́
Ọjọ́ 17, oṣù Kejì

Lusungu,

Zakeyo ni. Fóònù ni mò ń sọ ọ́ sí, òun ló ń kọ ọ́. Bí ó bá kọ ìkọkúkọ, òun ni kí o bá jà. Òpó dìde láàárọ̀ yìí.

Màmá rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí o lè mí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló mú un. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó di báàgì òògùn mú, ó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e wá sí àgọ́. Àpò omi méjìlá ni wọ́n ti fà sí i lára. Ní Ọjọ́rú, wọn kò rí iṣan rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ń wá a, ó ń gbàdúrà, ó ń wá a. Èmi ni mo di ọwọ́ kejì mú. Ó tutù bí ẹja. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lọ́pọ̀ ìgbà n ò gbọ́ èémí rẹ̀, ńṣe ni mò ń gbé etí lé e nímú.

Èmi kò ṣàìsàn. Omi kan náà, ife kan náà, n kò tiẹ̀ su lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀, mò ń fi ọwọ́ kan ikùn mi bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò dé.

Lẹ́tà tí o fi bírò kọ dé ní àná, inú ọkọ̀ ẹja ló bá wá, ó ṣì ń rùn. Nọ́ọ̀sì ló kà á fún mi. Nígbà tó dé ibi tí o to orúkọ àwọn kànga sí, mo ní kó dúró. Mo gbọ́ ojú-ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, Lusungu. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo sì lọ síbi tó rán mi.

Mo sọ fún màmá rẹ. Ó bi mí, "Ẹ̀gbọ́n, Ìdí Oṣè ni?" Mo ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé fún mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Wọlé báyìí, kí o tó dá mi lóhùn.

Jẹ́ kí n sì sọ bí mo ṣe ń gbọ́ nǹkan, torí ẹ̀yin tí ẹ ríran ò ní rò ó. N kì í gbọ́ ojú-ewé dé òpin. Àkọlé ni mò ń fò lé, láti ọ̀kan sí èkejì, bí òkúta tí ènìyàn ń tẹ̀ sọdá odò. Ti màmá rẹ kò ní òkúta kankan. Mo sì rò pé ó ń sọ̀rọ̀ láìmí ni, bí ó ti máa ń ṣe. Nítorí náà, èyí tó ń pani ni kí o fi ṣáájú. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ibi tí mò ń lọ, mo ti gbé garawa nìyẹn.

Zakeyo


Johannesburg
Ọjọ́ 17, oṣù Kejì

Màmá, Bàbá Zakeyo,

Mo ti wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo sọ ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ti yọ gbogbo àwọ̀. Àkọlé méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, àkọlé tòótọ́ tí ẹ̀rọ mọ̀. Èkínní ni: "Ẹ má mu omi àwọn kànga wọ̀nyí." Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ "má mu" ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó bá fò lé àárín. Èkejì ni: "Ẹ lè mu omi àwọn kànga wọ̀nyí." Méje ló wà níbẹ̀. Dúdú lórí funfun ni gbogbo rẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lójú eré tí ẹ máa ń lò, kí ẹ sọ ibi tí mo ti kùnà.

Màmá, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ni mo rí i. Mo mọ̀ pé Bàbá Zakeyo kò ríran. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ra fóònù náà. Mo jókòó, mo sì kọ ẹ̀kọ́ nípa fáìlì méjì ránṣẹ́ sí yín, mo ní kò sí ìkánjú. Ariwo ló yẹ kí n ké.

Lusungu


Àgọ́
Ọjọ́ 23, oṣù Kejì

Lusungu ọmọ mi,

Mo ti ń jókòó. Mo jẹ òkèlè kondowole díẹ̀ láàárọ̀, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ojú-ewé tuntun, ó ní ojú-ewé náà ti ń mí. Má fi ariwo tí o kò ké dá ara rẹ lẹ́bi. O sọ fún mi, èmi ni mo ní àwọn obìnrin ń yìn mí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ, mo ṣe é lórí ibùsùn yìí. Mo di ojú mi, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ojú-ewé àtijọ́ tó ṣì wà nínú fóònù rẹ̀ dún. Mo gbọ́ orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Lusungu, èmi tí mo kọ ọ́, n ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí báyìí kì í ṣe ti ara mi. O sọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ pé àwọn fóònù kan ń yọ ọ̀ṣọ́ dànù. N ò kà á sí. Ẹni mélòó ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ níbí? Ẹni mélòó ló ṣí ojú-ewé mi láti Ọjọ́bọ̀ yẹn títí di ìgbà tí o tún un ṣe, tó rí orúkọ mọ́kànlá ní dúdú, tó mú èyí tó sún mọ́ ọn? Ọjọ́ mọ́kànlá ni. N ò lè kà wọ́n. Ọmọ ọwọ́ tó kú lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ Etí Odò ni. Mo ti fẹ́ bi ìyá rẹ̀. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti bi í.

Bí wọ́n bá ti gbé ẹnikẹ́ni wọlé, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, mo ti ń bèèrè: kànga wo? Ta ló sọ fún ọ pé kí o pọn ún níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ó ní, "NyaMhango, ẹ sinmi, ẹ̀yin náà jẹ́ aláìsàn."

Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti Ọjà Ẹja, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Mo wọ́ okùn dírípù mi tẹ̀lé ara, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé lójú-ewé mi lẹ ti rí orúkọ kànga yẹn?" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, "Ojú-ewé wo? Mo rí aṣọ pupa yín lára pọ́ǹpù. Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ mi."

Mo padà sórí ibùsùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń sunkún, kò sí omijé lójú rẹ̀ mọ́. Mo dojú kọ ògiri àgọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé obìnrin náà kò ka ojú-ewé mi.

Màmá rẹ